Igbódù Láàárín Ìlú: Iṣẹ́ tí Igbó ń Ṣe fún Ìlú àti fún Ifá

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe tuntun létí awo, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Bí a bá fẹ́ tẹ ọmọ ní Ifá lónìí ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè, níbo la ó mú un lọ? Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Igbódù kò jìnnà sílé. Awo mọ ojú ọ̀nà rẹ̀, ọ̀gbẹ̀rì sì mọ ibi tí òun gbọ́dọ̀ dúró. Lónìí, àwọn awo mìíràn a máa ta màrìwò àti aṣọ funfun yí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti da kọ́ńkéré sí ká, wọn a sì máa pè é ní igbódù. A kò sọ pé Ifá kò gbọ́ wọn níbẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé bí ohun tó yẹ kó jẹ́ àṣamọ̀ bá di àṣà, ó yẹ ká jókòó, ká bi ara wa ohun tó sọnù lọ́wọ́ wa, ká sì bèèrè bóyá awo nìkan ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí gbogbo ìlú.

Irú igbó tí à ń sọ

Bí a bá pe igbó ìlú, kì í ṣe aginjù ni a ní lọ́kàn. Igi àti ewéko tó wà láàárín ilé àti ní etí ìlú ni: igbó Orò, igbó Agẹmọ, igbó Ọ̀ṣùgbó, igbódù, bèbè odò tí a kò gbọdọ̀ dá oko sí, igi ọdán iwájú ààfin àti ti ọjà, àti igi tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ṣe àjèjì sí èyí. Ìjẹ̀bú-Igbó tilẹ̀ gbé igbó mọ́ orúkọ rẹ̀. Erédò Ṣùngbọ́, yàrà àti ògiri amọ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, inú igbó ló wà ní ọ̀pọ̀ ibi. Gbòǹgbò igi wà lára ohun tó ń di amọ̀ náà mú. Àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n máa ń kóra jọ sí Ìmọ̀sàn, láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, Àgọ́-Ìwòyè sì wà lára wọn. Ìsìn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí igbó.

Ìlú wá ń gbòòrò. Ní ọdún 1982 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ láti ọdún 2001. Ire ńlá ni, ọmọ wa ló ń kàwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, ilé tí wọn yóò gbé gbọ́dọ̀ pọ̀, ilẹ̀ a sì di wúrà. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí, tí kò ní ìwé, tó jẹ́ pé èèwọ̀ nìkan ló ń ṣọ́ ọ, ni ojú àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bà lé.

Ohun tí Ifá fi kọ́ wa nípa igi

Gbogbo awo ló mọ ìtàn tó wà nínú Ìwòrì Méjì. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà fi ìbínú lọ sí ọ̀run, tí ayé dàrú, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n ti bá a, ibẹ̀ ló sì ti fi ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa bi í léèrè. Ẹ jẹ́ ká ro ìtàn yìí dáadáa. Bàbá kò fi ààfin sílẹ̀ fún wa, kò fi òkúta sílẹ̀. Èso igi ló fi rọ́pò ara rẹ̀. Ìyẹ̀rosùn tí à ń tẹ̀ sójú ọpọ́n, ara igi ìrosùn ló ti ń wá. Ọpọ́n fúnra rẹ̀, igi ni. Ìlù tí à ń lù fún Ifá, igi ọ̀mọ̀ àti irú rẹ̀ ni a fi ń gbẹ́ ẹ. Obì àbàtà, orógbó, akòko, pèrègún: kí ló kù tí kì í ṣe ti igbó?

Ìtàn kejì ni ti Ọ̀sanyìn. Wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà rà á lẹ́rú, ó ní kó lọ ro oko. Nígbà tí Bàbá dé oko, koríko kan kò tíì kúrò nílẹ̀. Ó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀sanyìn ní òun kò rí èyí tí òun lè gé: eléyìí ń wo ibà, tọ̀hún ń wo inú rírun, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń mú ajé wọlé. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀rúnmìlà ti fà á mọ́ra, tí ó sì ń kọ́ iṣẹ́ ewé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ orúkọ ewé ló ń pè é ní igbó lásán. Pierre Verger, tí awo ń pè ní Fátúnmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìmọ̀ yìí jọ sínú ìwé ńlá tó pè ní Ewé, èyí tó jáde ní ọdún 1995. Ṣùgbọ́n ìwé kì í hu ewé. Bí igi bá run tán nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò kù nínú ìwé.

Iṣẹ́ tí igbó ń ṣe lójú ayé

Èkíní ni ooru. Ẹ gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ intalọ́kì ní agogo méjì ọ̀sán, kí ẹ sì gbé e lé ilẹ̀ abẹ́ igi ọdán. Ẹ ò ní bi wá ní ìbéèrè mọ́. Kì í ṣe ìbòòji nìkan ló fà á. Gbòǹgbò igi ń fa omi láti inú ilẹ̀, ewé sì ń tú omi náà sáfẹ́fẹ́ ní oruku tí ojú kò rí. Bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lójú ewé ló ń mú ooru lọ, gẹ́gẹ́ bí òógùn ṣe ń tu ara ènìyàn. Páànù àti kọ́ńkéré kò ní òógùn. Wọn a gba ooru ní ọ̀sán, wọn a sì máa tú u jáde lóru, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń ṣòro ní àdúgbò tí kò nígi.

Èkejì ni omi. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà tàbí ti oṣù kẹsàn-án bá ń rọ̀ sórí igbó, ewé ló ń kọ́kọ́ gbà á, kó tó kán sórí ewé jíjá tó tẹ́ sílẹ̀, kó tó wá wọ inú ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò àti ekòló ti la ọ̀nà fún un. Omi yìí ló ń padà wá sínú kànga wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá gé igbó náà, tí a da kọ́ńkéré sí i, òjò kan náà a di àgbàrá. Kò sí Yorùbá tí kò gbọ́ nípa odò Ògùnpa ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó ya wọ ilé, ó gbé ènìyàn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà. Ohun tó fà á kò pamọ́: wọ́n kọ́lé sí bèbè odò, wọ́n da ìdọ̀tí dí ojú omi, ilẹ̀ òkè sì ti di ìhòòhò. Àwọn tó fi bèbè odò ṣe igbó òrìṣà ti rí i tipẹ́ pé omi ní ilé tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹyẹ, àdán àti kòkòrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé àdán wà lára àwọn tó ń gbin ìrókò. Àdán ńlá, tí ó máa ń pọ̀ lórí igi láàárín ìlú, a jẹ èso ìrókò lóru, a sì fò jìnnà kó tó yàgbẹ́ hóró rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn olùwádìí ti fìdí èyí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kó ya awo lẹ́nu. Nígbà tí àwọn elétò igbó gbìyànjú láti gbin ìrókò nìkan sójú kan, kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma máa ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn náà jẹ́, ewé rẹ̀ a wú, orí rẹ̀ a kú. Níbi tí ìrókò bá ti wà láàárín oríṣiríṣi igi mìíràn ni ó ti máa ń yè dáadáa. Ìrókò, baba igi, kò lè dá gbé! Òwe wa pé igi kan kì í dá igbó ṣe, àṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn nìkan.

Ẹ̀kẹrin ni ìwòsàn. Aṣofẹ́yẹjẹ tí àwọn bàbá wa fi ń wo wèrè, irú rẹ̀ tó wà ní Íńdíà ni àwọn òyìnbó ti yọ oògùn reserpine ní ọdún 1952, wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn yìí kan náà wà nínú aṣofẹ́yẹjẹ tiwa. Ìyá tó ń ta ewé lọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó, bí igbó bá jìnnà, owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò ga, aláìsàn ni yóò sì san án.

Ẹ̀karùn-ún ni ìrẹ́pọ̀. Igbó tó ní èèwọ̀ máa ń kó ìlú jọ. Àwọn ìdílé tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́ yóò jọ ro ojú ọ̀nà igbó nígbà ọdún. Abẹ́ igi ọdán ni àgbà ti ń parí ìjà, níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbọ́ ìtàn. Bí a bá gé igi náà, tí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ẹnì kan a máa gba owó ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló pàdánù ibi ìjókòó.

Àpẹẹrẹ Òṣogbo, àti omi tó ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ẹ̀rí tó tóbi jù lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 75 hẹ́kítà, ó ju ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù lọ. Lẹ́yìn ọdún 1950, àwọn ojúbọ ti ń wó, wọ́n ti gbin igi tíìkì sí apá kan ilẹ̀ náà, àwọn ọdẹ sì ń wọlé bó ṣe wù wọ́n. Àwọn olórìṣà, àwọn ọ̀mọ̀lé àti agbẹ́gilére ìlú náà, pẹ̀lú Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà (1915 sí 2009), ló dìde gbà á padà. Ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní ọdún 1992, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Irú ewéko tó wà níbẹ̀ tó 400, ó lé ní 200 nínú wọn tí a mọ̀ ní oògùn. Èyí wà láàárín ìlú ńlá!

Ṣùgbọ́n odi igbó kì í dá omi dúró. Láti bí ọdún 2021 ni omi Ọ̀ṣun ti ń pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ ní ọdún 2022 pé kí àwọn olùsìn má ṣe mu omi náà nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí odò yìí ń lọ. Ó ń ṣàn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, ó sì ń wọ inú ọ̀sà Lẹ́kkí, ọ̀sà kan náà tí àwọn apẹja Iwopin àti àwọn ìletò mìíràn ní Ogun Waterside ń na àwọ̀n sí. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí igbó àti omi lókè, ìsàlẹ̀ odò ló ń gbà á. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ igbó Òṣogbo kò kan òun, ẹni tó wà ní Abigi kò sì lè sọ pé ti Ìjẹ̀bú-Igbó kò kan òun.

Ẹ̀kọ́ igbó Ọmọ àti ti Tókíyò

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ṣebí igbó ọba wà ní Ọmọ, kí la tún fẹ́ fi ti àárín ìlú ṣe?" Òótọ́ ni pé igbó Ọmọ, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà, erin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé ní ọdún 1977. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n gé apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbin mẹ̀lénà, igi ilẹ̀ Éṣíà, kí ilé iṣẹ́ pépà ti Iwopin lè rí igi lò. Ilé iṣẹ́ náà kò rìn dé ibi tí a fojú sí. Igbó tí a gé kò padà. Agbégilódò ń kó igi jáde, oko kòkó sì ń wọlé. Apá tí wọ́n kà léèwọ̀ pátápátá láti ọdún 1946 kò ju 460 hẹ́kítà lọ. Yàtọ̀ sí èyí, igbó tó wà lọ́nà jíjìn kò lè tu àdúgbò wa lára, kò sì lè gba àgbàrá wa.

Àwọn ará Japan ṣe ohun tó yẹ ká gbọ́. Ní ọdún 1920 ni wọ́n ṣí ojúbọ Meiji ní Tókíyò. Ilẹ̀ náà kì í ṣe igbó tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn láti gbogbo ilẹ̀ wọn ló fi igi bíi 100,000 ta á lọ́rẹ, oríṣiríṣi igi ni wọ́n sì gbìn papọ̀. Lónìí, ó ti di igbó dúdú tó fẹ̀ tó 70 hẹ́kítà láàárín ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó tóbi jù láyé. Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀: ewé tó bá já sójú ọ̀nà, inú igbó ni wọ́n ń gbá a padà sí. Bí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ Japan bá lè gbin igbó, kí ló dí àwa lọ́wọ́?

Àwọn àtakò tí ó yẹ ká dáhùn

Àwọn kan ní igbó ìlú jẹ́ ibùba àwọn ọlọ́ṣà àti ajínigbé. A kò fojú kéré ìbẹ̀rù yìí, pàápàá lákòókò yìí. Ṣùgbọ́n igbó tí kò ní aṣọ́ ni ó ń di ibùba. Igbó Òṣogbo ní ọ̀nà, ó ní ẹnu ibodè, ó ní àwọn tó ń rìn ín lójoojúmọ́. Kí a máa ro ètí igbó, kí ọdẹ máa ṣọ́ ọ, kí olùsìn máa lò ó. Àwọn mìíràn ní igbó òrìṣà kò kan ẹlẹ́sìn mìíràn. Kànga tí igbó ń fún lómi kò mọ ẹ̀sìn ẹni tó ń fà á.

Àtakò tó le jù ni ti owó: pé ìdílé tó ní ilẹ̀ ń jìyà, ó sì fẹ́ tà á. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi èpè yanjú. Ó yẹ kí ìlú dá owó jọ, kí ìdílé náà lè rí nǹkan jẹ lára igbó náà, bóyá nípa títa ọ̀gbìn ewé oògùn, oyin, tàbí owó ìwọlé nígbà ọdún.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Àkọ́kọ́, ìwé. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ gómìnà, nítorí náà èèwọ̀ nìkan kò tó mọ́. Kí gbogbo ìlú ka igbó rẹ̀, kí wọ́n ṣe sọ́fè rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ àti ní ààfin ní orúkọ ìlú, kì í ṣe ní orúkọ ẹnì kan. Àwọn ará Benin ti ṣíwájú wa. Ní ọdún 1998, wọ́n ka igbó òrìṣà 2,940 ní orílẹ̀-èdè wọn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí 18,360 hẹ́kítà, èyí túmọ̀ sí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà mẹ́fà bí a bá pín in dọ́gba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ìjọba wọn ṣe òfin tó fi ọwọ́ sí ìtọ́jú àwọn igbó náà. Igbó kékeré kì í ṣe ohun ẹ̀gàn.

Èkejì, ìwọ̀n. Cecil Konijnendijk, onímọ̀ igbó ìlú, dá ìwọ̀n kan ní ọdún 2021: kí olúkúlùkù lè rí igi mẹ́ta láti ojú ilé rẹ̀, kí ìbòòji igi bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àdúgbò, kí ibi ewéko tútù má sì jìnnà sílé ju 300 mítà lọ. Ẹ jáde síwájú ilé yín, kí ẹ ka igi.

Ẹ̀kẹta, ìkápá ọwọ́ àwọn tó ń já ewé. Ẹni tó bo èèpo igi yíká, ó ti pa á. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí á ti mú, kí a sì fi amọ̀ bo ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ọ̀gbìn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí gbogbo ẹni tí a bá tẹ̀ ní Ifá gbin igi mẹ́rìndínlógún ní orúkọ ikin rẹ̀: ọ̀pẹ, ìrosùn, akòko, orógbó, ọ̀mọ̀, àti ìrókò láàárín wọn. Kó tọ́jú wọn fún ọdún mẹ́ta, kí olúwo rẹ̀ sì máa bèèrè wọn lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń bèèrè ẹsẹ Ifá.

Bí ọgbọ̀n ọmọ bá tẹ Ifá lọ́dún kan ní ìlú kan, 480 igi ni. Láàárín ọdún mẹ́wàá, igbódù tuntun ti dúró, a ò sì ní nílò aṣọ funfun láti fi bo kọ́ńkéré mọ́. Ọ̀rúnmìlà kì í kánjú. Igi náà kì í kánjú. Kí Ẹlẹ́dàá jẹ́ kí ìṣẹ̀ṣe gbè wá. Àṣẹ.